Àgbàdo Inú Ìgò àti Ìlà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, àti orúkọ àwọn tó mọ̀, kí inú mi tó rọ̀.

Ogójì ìlà àgbàdo la gbìn, òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ igi kan ṣoṣo tó ti inú ìgò jáde, irúgbìn kan náà sì ni gbogbo igi ọ̀hún ti wá. Ohun tí mo sọ fún àwọn oníbàárà ni pé wọ́n á jọra bí ìbejì. Wọn ò jọra. Ìlà kẹrin ní èhù mẹ́jọ tó funfun báláú, tí kò ní í rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ewé ìlà kọkànlá ya funfun ya àwọ̀ ewé bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n. Ìlà kọkàndínlógún ò tíì ga ju kókósẹ̀ mi lọ. Mẹ́sàn-án nínú ogójì ló ń ṣe ohun tí mi ò rán an.

Ìyá Ìgò mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣàkóso yàrá ìgò. Òun ló ń fi abẹ yọ ọlẹ̀ inú àgbàdo tútù, tó ń gbé e lé oúnjẹ inú ìgò títí á fi di kókó, tí kókó á fi hu ewé. Ó mọ̀ pé kókó tó bá pẹ́ jù nínú ìgò a máa yí ìwà padà. Ó sọ ọ́ fún mi lónìí bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ọ̀mọ̀wé mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wá gbà wá nímọ̀ràn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní Ó-Lè-Jẹ́-Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí èsì tó máa ń fọ̀ fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn.

Sájà, olórí oko, mọ̀. Láti ọjọ́ kẹjọ ló ti rí àwọn funfun yẹn, ó sì ń fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan kí ojú ìlà lè dá. Kò rò pé ó yẹ kóun sọ.

Èmi máníjà, tí màá dúró dáhùn níwájú ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ irúgbìn wa, nìkan ni mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Òjò láti àárọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó tún ìlà kan ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo ti kọ lẹ́tà sí Alága. Àbúrò bàbá mi ni, Bàbá Kékeré la ń pè é nílé, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, Alága ni, àwa méjèèjì sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi kò gùn: kí wọ́n ti yàrá ìgò pa, kí Ìyá Ìgò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé, kí a máa ra irúgbìn lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì, kí a máa tún un tà. Ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje.

Ọkọ mi bi mí nídìí oúnjẹ bóyá mo bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́. Mo ní wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn nílé ẹ̀kọ́ òwò. Ó ní, "Ó hàn." Ó wá ní kí n fún òun ní iyọ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù karùn-ún

Ìyá Ìgò wọ ọ́fíìsì mi láì kànlẹ̀kùn. Ó gbé ìdérí ìgò kan àti ìwé ńlá rẹ̀ sórí tábìlì.

Àmì kútẹ́ẹ̀sì pupa mẹ́sàn-án ló wà lórí ìdérí náà. Mo ti máa ń rí àwọn àmì yẹn, mo sì rò pé ó kàn ń ṣe ìgò lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń ṣí kókó kúrò lórí oúnjẹ tó ti tán lọ sórí tuntun, tó bá sì ti ṣí i, á kán kútẹ́ẹ̀sì kan sí ìdérí, torí sípírítì tó fi ń nu ìgò máa ń pa yíǹkì rẹ́. Tí àmì bá ti pé mẹ́rin, á da kókó náà nù, á wá àgbàdo tútù, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bí gbogbo ogójì ìlà wa ti gba àmì mẹ́sàn-án.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò dà á nù. Ó ṣí ìwé sí oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ó ti kọ̀wé sí mi nígbà yẹn pé kókó ti gbó, kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èsì mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: "Kò sáyè ìdádúró. Irúgbìn ogójì igi ni mo fẹ́ kí oṣù kẹta tó parí. Ẹ lo èyí tó wà nílẹ̀."

Ó lọ fọwọ́ rẹ̀. Èèyàn tó ń fọwọ́ nígbà ogún lójúmọ́ ni.

Ẹ fi kún ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún: èmi náà mọ̀. Mo mọ̀ ju gbogbo wọn lọ, torí èmi ni mo pàṣẹ.

Lẹ́tà wà lọ́wọ́ Alága. Mo lè gbà á padà. Mi ò tíì gbà á. Bí mo bá ní mo ṣàṣìṣe, ìlà mẹ́sàn-án ò ní torí ìyẹn dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Mo ní kí Sájà tu ìlà mẹ́sàn-án yẹn dànù lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀mọ̀wé wá, ó ṣí fìlà, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n yọ òdòdó ná, pé ibi tí nǹkan bá ti ń yí padà, gbogbo rẹ̀ kì í yí sí búburú. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Bóyá fìlà yẹn ni.

Ọjọ́ Ajé, 22

Sájà sáré wá bá mi. Ọkùnrin yìí kì í sáré, àní nígbà tí oyin lé gbogbo wa lọ́dún tó kọjá, ńṣe ló ń rìn.

Ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Kò sí nínú mẹ́sàn-án tó bàjẹ́, mi ò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Igi mẹ́fà níbẹ̀ ti yọ òdòdó sórí. Ọjọ́ kejìlélógójì rèé. Irú àgbàdo wa yìí kì í yọ òdòdó kó tó pé ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Àwọn mẹ́fà yìí ò ràn, wọn ò pọ́n, wọ́n dúró ṣinṣin, wọ́n kàn ti yá ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo mọ oko tí ọjọ́ mọ́kànlá á gbà là lọ́wọ́ ọ̀dá. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi.

Ọ̀mọ̀wé ka igi ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọgbọ̀n ni. Ó ní tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ àgbàdo náà ni ìyípadà yìí wà, tó sì fara pa mọ́ lára ìyá wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ ló yẹ kó hàn lára wọn. Mẹ́fà nínú ọgbọ̀n, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìdààmú tí ìyá rí nínú ìgò ló kàn ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, tí kò sì ní í kọjá orí wọn. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni àbí ìdààmú?" Ẹ mọ èsì tó fọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Sájà wá ní kùtùkùtù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n tí bàbá ń kà lánàá yẹn. Kì í ṣe ọgbọ̀n."

"Kí ni?"

"Mẹ́rìnlélógún ni. Ìrẹ̀ gé mẹ́fà lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní. Mo mú mẹ́fà míì láti ibùsùn àfirọ́pò, mo fi dí i."

Ibùsùn kékeré kan wà létí oko tó máa ń gbin àgbàdo lásán sí, kó lè rí ohun fi dí ihò. Kò lè fara da ihò nínú ìlà. Àwọn tó fi dí i sì jẹ́ ojúgbà àwọn tó kù, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní èmi náà ni mo dúró lórí oko níjọ́ tóun dí i tán, tí mo ní kí gbogbo èèyàn wá wo bí ìlà Sájà ṣe kún.

Òótọ́ ni, mo sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Ó mú wa lọ, ó sì nawọ́ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó fi dí i, láì wo ìwé, bí ẹni ń nawọ́ sí ọmọ aládùúgbò láàárín ọmọ tirẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó yọ òdòdó. Mẹ́fà nínú mẹ́rìnlélógún. Ìdá kan nínú mẹ́rin, kò lé, kò dín.

Ọ̀mọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. Sájà yíjú sí mi bíi pé òkúta ló fọhùn.

Ọjọ́rú, 24

A ti fi àpò bébà bo òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àtíkè òdòdó igi kọ̀ọ̀kan la gbọ̀n sórí irun ọmọ àgbàdo tirẹ̀, kí ti ibòmíì má baà kàn án.

Ìpàdé nínú yàrá ìgò. Ìbéèrè tó kù kò ju ọ̀kan lọ: ṣé gbogbo ọmọ tí igi mẹ́fà yìí bá bí ló máa yá bíi tiwọn? Tó bá jẹ́ gbogbo wọn, a ti ní irúgbìn tuntun lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé ní ká jẹ́ kí èso gbẹ, ká gbìn ín lásìkò tó ń bọ̀, a óò mọ̀ kí ọdún tó parí. Mo ní ìgbìmọ̀ á ti jókòó kó tó dìgbà yẹn. Ó ní àgbàdo ò mọ ìgbìmọ̀.

Ìyá Ìgò ń fọ ìgò, kò tilẹ̀ yíjú sí wa. Ó ní, "Ta ló ní ká dúró de èso gbígbẹ? Lọ́jọ́ kẹrìnlá tí a ti gbọn àtíkè sí i, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti pé. Màá yọ ọ́. Mi ò ní jẹ́ kó di kókó rárá, tààrà ló máa hù. Kí oṣù keje tó parí, á ti yọ òdòdó lójú gbogbo yín."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ èyí látìgbà yìí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí dáadáa.

"Máníjà, mo ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ ti yàrá yìí pa. Kò burú. Ẹ jẹ́ kó ṣe èyí tán ná, kí ẹ tó tì í."

Mo bá a kó ìgò tó kù sínú omi. Èmi.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹfà

Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó ń roko fi ọkọ́ gé ọ̀kan nínú mẹ́fà náà. Ó kù márùn-ún. Mi ò pariwo. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo tilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo padà wá.

Gélì tó ń mú oúnjẹ inú ìgò dì ti di ìlọ́po méjì iye tí a rà á lóṣù tó kọjá. Mo rà á.

Ọjọ́rú, 7

Igi márààrún ló ní ọmọ méjì méjì. A gé ti òkè, a fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó gbó.

Mo jókòó ti Ìyá Ìgò láti aago mẹ́jọ. Ọlẹ̀ àgbàdo ò ju orí pínnì lọ. Yóò gé orí hóró àgbàdo, á ti abẹ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì gbé nǹkan funfun kékeré yẹn jáde láì ha á lára. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbomú. Ọgọ́fà ló yọ, mẹ́rìnlélógún lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mọ̀wé ní ká tún yọ ogún láti ìlà kẹta, tí kò ní nǹkan kan, ká ṣe é bákan náà. Tí àwọn ìyẹn bá tún yá, a jẹ́ pé ìgò ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní àyè ò sí. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ìbéèrè tí èmi gan-an máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta nǹkan yìí fún mi nìyẹn.

Mo ní kí n dán an wò. Mo ba mẹ́ta jẹ́. Ìyá Ìgò rọra gba abẹ lọ́wọ́ mi. "Ọ́fíìsì yín ń pè yín, Máníjà." Gbogbo yàrá ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Iná ti lọ láti àná, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán òní. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, yàrá gbóná bí ilé búrẹ́dì. Irun funfun ti hù sórí oúnjẹ nínú ìgò mọ́kànlélógójì ti ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n àti mẹ́rin ti ìlà kẹta. Ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀, èyí tó lọ ti lọ.

Èmi àti òun la kó wọn jáde. Mo ń bú oníná, mo ń bú atúnjẹnẹrétọ̀ṣe, mo ń bú ara mi tí mi ò ra jẹnẹrétọ̀ kejì. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán. Ó ní, "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló kù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí rọ́bà yẹn, mo fẹ́ fọlẹ̀."

Lọ́nà ilé, mo pe Alága pé mo fẹ́ gba lẹ́tà mi padà. Ó ní ó ti pẹ́, ó ti wọ inú ìwé ìpàdé, kí n mú ẹ̀rí wá. Irú èsì tí èmi náà máa fún ẹlòmíì ni. Inú bí mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Wọ́n ti kúrò nínú ìgò bọ́ sí inú ike iyẹ̀pẹ̀ nínú ilé ọ̀rá tí a kọ́ fún ọmọ igi. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin, àti mẹ́rìndínlógún ti ìlà kẹta. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń gbọ̀n. Sájà to ike wọn pẹ̀lú okùn. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé tó bá fi ohunkóhun dí ihò lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni màá gbìn síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 26

Méjìdínláàádọ́rin yè. Ihò mọ́kànlá, Sájà ò fọwọ́ kàn án. Mo rí i pé ó ń dùn ún.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù keje

Ogójì ọjọ́ láì sí òjò gidi. Sájà ká àgbàdo díẹ̀ lára àwọn ìlà tó kù, ó kó wọn dà sórí tábìlì mi: hóró níbí, àlàfo lọ́hùn-ún, bí ẹnu arúgbó. Ìgbà tí irun wọn jáde gan-an ni ọ̀dá bá wọn. Ó wá gbé márùn-ún ti ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n kalẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ tí a fi sílẹ̀. Wọ́n kún dé orí. Mo fi àtàǹpàkò ra ìkan títí, mi ò rí ibi tó ti jìn.

Ọ̀mọ̀wé ní kí n má tíì yọ̀. Mo ní mi ò yọ̀. Mo ń yọ̀.

Ọjọ́rú, 19

Mọ́kànlá nínú ilé ọ̀rá ti yọ òdòdó. Ọjọ́ kejìlélógójì láti ìgbà tí abẹ ti yọ wọ́n. Ìlà kẹta: òfo.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mẹ́tàdínlógójì. Ìlà kẹta: òfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Méjìdínláàádọ́rin nínú méjìdínláàádọ́rin. Ìlà kẹta, mẹ́rìndínlógún, kò sí ìkankan.

Mo kà á, Sájà kà á, Ọ̀mọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé, ó ní láti ogójì ọdún tóun ti ń wo àgbàdo inú ìgò, èyí tó yí padà sí rere tó sì dúró ṣinṣin báyìí, òun ò tíì rí ju ẹyọ kan yìí lọ. Kò fi ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kankan kún un.

Ìyá Ìgò kò kà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀rá, ó fi ọwọ́ rọra kan àtíkè tó wà lórí òdòdó tó sún mọ́ ọn, ó wo ìka rẹ̀. Mo lọ bá a. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn, mo kọ ọ́ kí n tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ̀bi mi sì ni gbogbo rẹ̀ láti oṣù kẹwàá.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí ẹ bá fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo tọrọ nígbà yẹn, ǹ bá ti da kókó yẹn nù. Kì bá sí èyí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìyẹn di àṣà o."

Mo ra ohun mímu fún gbogbo oko. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ọkọ mi gbé mi yípo nínú pálọ̀, ẹsẹ̀ mi ta tábìlì, ife kan fọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24

Alága wá. Ó wọ ilé ọ̀rá pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán, kò gba àlàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi tí ìlà kẹta wà, ó tún padà sẹ́yìn. Mo fi àgbàdo márùn-ún yẹn àti àwọn eléyín àlàfo hàn án. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìwé oṣù kẹwàá lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú èsì tí mo kọ.

Ó kà á, ó gbójú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ lé ẹni tí o fi àṣẹ tìrẹ kó sí wàhálà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti jẹ́wọ́ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n má sọ ọ́ di àṣà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá ilé ọ̀rá mú. Ó ní kí n kọ ohun tí mo ń fẹ́ sínú ìwé, kí n má fi ìyìn kún un, kí n fi déètì sí i. Ó ní òun ò ṣèlérí fún ìgbìmọ̀ o. Ṣùgbọ́n ó mú ọ̀kan nínú àgbàdo márààrún yẹn lọ́wọ́ dé ẹnu ọkọ̀, mo sì ní láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ẹ̀dà ohun tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí:

Sí Alága. Ẹ fagi lé lẹ́tà mi ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Àṣìṣe ni, tèmi ni. Yàrá ìgò ni kí ó wà ní ṣíṣí, kí Ìyá Ìgò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ìwé, kí àṣẹ kókó tí a ó lò àti èyí tí a ó dà nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n má lè yí i padà. Mo tún ń béèrè ilẹ̀ kan, ìdajì hẹ́kítà, tó jìnnà sí àgbàdo èyíkéyìí tó irinwó mítà, kí àtíkè ibòmíì má baà ba irúgbìn ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n jẹ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Àsìkò òjò kejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì gbọ́dọ̀ túlẹ̀ kó tó dé. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹ̀lú ìfọwọ́sí yín, lórí tábìlì mi kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí ìgbìmọ̀ máa jókòó.